Ìjì ń bọ̀ ní Houston: ta ló yẹ kó kúrò nílé, ta ló yẹ kó jókòó?

Nígbà tí ìjì hurricane tí wọ́n sọ ní Beryl ń bọ̀ wá bá Houston, ìlú wa ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní Oṣù Keje 2024, fóònù kò jẹ́ ká sinmi. Láti Ìbàdàn, láti Àkúrẹ́, láti Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: "Ṣé ẹ ti kúrò níbẹ̀?" Bí èèyàn bá ní òun ṣì wà nílé, ohùn ẹni tó pè á yí padà. Wọ́n ti rí ìjì náà lórí tẹlifíṣọ̀n, funfun báláú, tó ń yí po lórí òkun. Wọ́n sì ti gbọ́ pé ìjọba ti ní kí àwọn kan kó ẹrù wọn kúrò. Kí ló wá dé tí ọmọ tiwọn fi jókòó?

Ìbéèrè gidi ni, kì í sì í ṣe ará ilé nìkan ló ń rú lójú. Àwa tí a wà níbí náà ń rí i: aládùúgbò kan ń di ẹrù sínú ọkọ̀, èkejì ń wá omi àti búrẹ́dì kiri, ẹ̀kẹta ń sùn. Ìjọba kan náà ń sọ fún ará Galveston tó wà létí òkun pé kó tètè máa lọ, ó sì ń bẹ ará Alief, àdúgbò kan nínú Houston, pé kó má ṣe kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ wa tí a dàgbà nílẹ̀ Yorùbá kò pàdé irú ìjì yìí rí. A mọ atẹ́gùn tó ń ṣí páànù, a mọ omíyalé, ṣùgbọ́n ìjì tó ń fi odindi ọ̀sẹ̀ kan rin orí òkun bọ̀, tí wọ́n á máa ka wákàtí rẹ̀ sí wa létí, àjèjì ni sí wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbéra. Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń ti orí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde sójú òkun lápá Sẹ̀nẹ̀gà ló ń di wọ́n. Bí ti Beryl ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣètò ààbò ìlú ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: sá fún omi, fara pamọ́ fún atẹ́gùn. Ẹni tó bá yé dáadáa ti mọ ìdí tí ẹnìkan fi ń lọ tí èkejì fi ń jókòó. Ṣùgbọ́n kì í tètè yé èèyàn, nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ jù lórí rédíò kò sọ ohunkóhun nípa omi.

Nọ́ńbà náà ni ìpele, láti 1 dé 5. Atẹ́gùn nìkan ló ń wọ̀n. Bí atẹ́gùn bá ń sáré máìlì 74 ní wákàtí kan, ìjì náà ti wọ ìpele 1. Tó bá di 111, ó ti wọ ìpele 3, láti ibẹ̀ lọ ni wọ́n sì ti ń pè é ní ìjì ńlá. Tó bá di 157, ìpele 5 ni. Bí òkun yóò ṣe ga tó, iye òjò tí yóò rọ̀, ọjọ́ mélòó ni ìjì náà yóò fi dúró sójú kan, kò sí èyí tí ìpele yìí ń sọ. Ẹni tó gbọ́ "ìpele 2 péré" tó sì padà sórí ibùsùn ti fi ara rẹ̀ sínú ewu tí kò mọ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìjì kì í jà kó gbé odó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igi ni odó. Bí omi bá dé, á léfòó, á sì bá omi lọ.

Ẹ wo ìjì tí wọ́n sọ ní Ike. Òru mọ́jú ọjọ́ 13 Oṣù Kẹsàn-án 2008 ló balẹ̀ sí Galveston, atẹ́gùn rẹ̀ ń sáré máìlì 110 ní wákàtí kan. Máìlì kan ṣoṣo ló kù kó wọ ìpele 3. Àmọ́ ìjì náà fẹ̀ púpọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ yìí ló sì jẹ́ kó máa ti omi òkun bọ̀ níwájú ara rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó dé Bolivar, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lódì kejì Galveston, omi náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20. Ilé alájà kan ti rì tán nínú ìyẹn. Ní abúlé Gilchrist, àwòrán tí gbogbo ayé rí lẹ́yìn ìjì ni ti ilé kan ṣoṣo tó dá dúró lápá òkun, tí ibi tí ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ti di yanrìn lásán. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́ sì ti kìlọ̀ kí ó tó dé. Wọ́n ní ẹni tó bá dúró sínú ilé alájà kan tàbí alájà méjì létí òkun níbẹ̀ lè pàdé ikú tí kò ní àní-àní. Wọn kì í sábà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Omi yìí ni wọ́n ń pè ní storm surge. Kò jọ ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ tí a mọ̀ ní Bar Beach. Ìjì ń ti òkun jọ sójú kan, etí òkun Texas sì tẹ́jú, omi ibẹ̀ kò jìn, nítorí náà omi tí ìjì ń tì kò rí ìsàlẹ̀ rì sí. Orí ilẹ̀ ló ń gùn. Òkun fúnra rẹ̀ ló ń ga, yóò dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìgbì á tún wá máa jà lórí rẹ̀. Omi tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ yáàdì kọ̀ọ̀kan wúwo tó bíi pọ́n-ùn 1,700. Kò sí ilẹ̀kùn tí a fẹ́ fi ìṣó kàn tí yóò dá a dúró.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ: omi máa ń ṣáájú ìjì. Ike balẹ̀ ní òru mọ́jú Sátidé, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni omi ti bo ọ̀nà tó jáde ní Bolivar. Ojú ọjọ́ kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń dúró kí atẹ́gùn kọ́kọ́ le kí wọ́n tó lọ wo ọ̀nà, wọn kò rí ọ̀nà mọ́.

Galveston yìí kan náà ni ìjì ọjọ́ 8 Oṣù Kẹsàn-án 1900 ti pa èèyàn tí kò dín ní 6,000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mọ odi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 17 dojú kọ òkun. Odi náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ nígbà Ike, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni omi gbà wọ ìlú, láti inú ọ̀sà.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé omi òkun lè dé ibi tí mò ń gbé? Ìjọba ti dáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ìjì kankan tó gbéra. Ní agbègbè Houston àti Galveston, ZIP code, ìyẹn nọ́ńbà márùn-ún tó máa ń wà ní ìparí àdírẹ́sì, ni wọ́n fi pín àwọn ibi tó lè ní láti kúrò sí mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní zone: Coastal, A, B àti C. Àwọn Coastal ló wà létí òkun gan-an, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ lọ. A tẹ̀lé wọn, B tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ. Galveston wà nínú rẹ̀, Bolivar wà nínú rẹ̀, Kemah, Seabrook àti La Porte náà wà níbẹ̀. Alief kò sí níbẹ̀. Katy kò sí, Sugar Land kò sí, Missouri City kò sí. Àárín ìlú Houston fi nǹkan bíi 50 máìlì jìnnà sí Galveston, àwọn àdúgbò tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jù sì wà lápá ibi tí omi òkun kò lè bá wọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń sọ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu kan náà. Ibi tí ìwọ àti èmi ń gbé kò rí bákan náà ni.

Ṣùgbọ́n ká ní èèyàn kò sí nínú zone, tó sì fẹ́ lọ nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹni tó ṣọ́ra ṣẹ̀ ni? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ronú bẹ́ẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2005, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú ètò tí a ní lónìí ti jáde wá.

Ìjì Katrina ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìlú New Orleans rẹ́ ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni. Gbogbo wa ti rí àwọn tó dúró lórí òrùlé, àti òkú tó léfòó lójú pópó. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ní ìjì mìíràn ń bọ̀, Rita, ó ti wọ ìpele 5 lójú òkun, ọ̀dọ̀ wa ló sì kọjú sí. Ta ni kò ní sá? Èèyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ló bọ́ sójú títì láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n kúrò. Òpópónà dí pa. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kékeré ni sí i: àwọn kan fi ogún wákàtí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ rin ọ̀nà tí wákàtí mẹ́rin ń tó tẹ́lẹ̀. Epo tán nínú ọkọ̀, epo tán ní ilé epo. Oòrùn ń mú gan-an, wọ́n sì ń pa ẹ̀rọ amúlétutù kí epo lè tó. Àwọn ará Galveston tí omi fẹ́ bá gan-an há sẹ́yìn àwọn tí omi kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn láé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn arúgbó kan tí wọ́n ń kó kúrò ní ilé ìtọ́jú wọn ní Bellaire. Bọ́ọ̀sì wọn gbiná nítòsí Dallas ní ọjọ́ 23 oṣù náà, àgbá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí àwọn aláìsàn ń mí sì mú kí iná náà le sí i. Ẹni 23 ló kú. Lápapọ̀, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó kú lẹ́nu sísá náà, láti ọwọ́ ooru, ìjàǹbá ọkọ̀ àti àìsàn. Rita wá yà, ó balẹ̀ sí ẹnubodè Texas àti Louisiana. Houston kò rí púpọ̀ nínú rẹ̀.

Mo ń sọ èyí nítorí pé a máa ń rò pé lílọ ni ààbò, pé ẹni tó jókòó nìkan ló ń fi ẹ̀mí wewu. Ọ̀nà náà ń pa èèyàn. Ẹni tí kò sí nínú zone tó bọ́ sójú títì ń fi ara rẹ̀ sínú ewu tí kò pọn dandan, ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí omi ń lé bọ̀. Tí ọkàn ẹ kò bá balẹ̀ rárá, tètè lọ, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, kí àṣẹ kankan tó jáde, kí o sì ti mọ ilé ẹni tí ò ń lọ.

Àlàyé yìí ìbá tán síbí bí kò bá sí ìjì Harvey. Harvey ló fi hàn pé omi kì í ṣe ti òkun nìkan. Ọjọ́ 25 Oṣù Kẹjọ 2017 ló balẹ̀ sítòsí Rockport ní ìpele 4, ibi tó jìnnà sí wa. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, atẹ́gùn rẹ̀ ti rọ̀ débi pé kì í ṣe hurricane mọ́. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró, ó ń rọ òjò sórí wa fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní Nederland, òjò tí wọ́n wọ̀n kọjá 60 ínǹṣì. Nínú nǹkan bíi ẹni 68 tí ìjì náà pa ní Texas lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni omi òjò pa. Ẹni tó bá rántí Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 mọ ohun tí mò ń wí. Kò sí hurricane níbẹ̀, òjò àti odò ni.

Ìlú Houston kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni kúrò nígbà Harvey. Gómìnà ìpínlẹ̀ ti ní kí àwọn èèyàn ronú àtilọ, àwọn olórí ìlú àti ti kántì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibí, ní kí wọ́n dúró, orí àwọn ará ìlú sì dàrú. Mẹ́yọ̀ ìgbà náà, Sylvester Turner, ní kò ṣeé ṣe láti kó mílíọ̀nù èèyàn tó ju mẹ́fà lọ sójú títì. Wọ́n bú u gan-an. Lójú tèmi, ó tọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lè sọ tẹ́lẹ̀ pé àdúgbò báyìí ni òjò yóò pọ̀ sí jù, ojú títì wa sì ni omi ń kọ́kọ́ gbà nígbà tí òjò bá pọ̀. Ká ní wọ́n lé gbogbo wa jáde, inú ọkọ̀ ni omi ìbá ti bá wa. Omi tó ga ní ínǹṣì mẹ́fà tó ń ṣàn lè ti àgbàlagbà ṣubú, ti ẹsẹ̀ bàtà kan lè gbé ọkọ̀ kékeré, ti ẹsẹ̀ bàtà méjì ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, títí kan àwọn ọkọ̀ gíga tí a fi ń yangàn.

Fún òjò, zone kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni bóyá ilé yín wà nítòsí bayou, ìyẹn àwọn odò tó gba inú ìlú kọjá, àti bóyá omi ti wọlé níbẹ̀ rí. Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò. Bí omi bá ń wọlé, ẹ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ má wọ inú àjà láìmú àáké dání. Nígbà Katrina, omi há àwọn èèyàn mọ́ abẹ́ òrùlé, wọn kò sì rí ọ̀nà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde, èyí tó dà bí òkòtó tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ̀ síwájú. Òkòtó náà kì í ṣe fífẹ̀ ìjì. Ibi tí àárín ìjì lè gbà ló ń fi hàn, bí ẹ bá sì wo ìjì mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan yà kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ìlà rẹ̀ kì í ṣe ibi ààbò. Ní Florida lọ́dún 2022, ojú gbogbo èèyàn wà lára ìlú Tampa nígbà tí ìjì Ian ń bọ̀. Ìjì náà yà sápá gúúsù, ó sì kọlu agbègbè Fort Myers, tó wà létí òkòtó. Àṣẹ kíkúrò níbẹ̀ kò jáde títí di ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ju 140 ènìyàn lọ tó kú ní ìpínlẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn tún máa ń rú èèyàn lójú, watch àti warning. Wọ́n ń kéde watch ní nǹkan bíi wákàtí 48 kí atẹ́gùn ìjì tó dé, èyí tó ń sáré máìlì 39. Ó túmọ̀ sí pé ìjì lè dé. Wákàtí 36 ni ti warning. Ìjì ń bọ̀. Fún ẹni tó wà nínú zone Coastal tàbí A, watch ni kó ti kó ẹrù sínú ọkọ̀. Tó bá di warning, wákàtí tó kù kò tó bó ṣe jọ, nítorí pé gbogbo àdúgbò ló fẹ́ gba ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ta wá ló ń pàṣẹ? Ní Texas, mẹ́yọ̀ ìlú tàbí county judge ni. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, kì í ṣe adájọ́ kóòtù ni wọ́n ń sọ, olórí ìjọba kántì ni. Tí wọ́n bá ní ó jẹ́ ìmọ̀ràn, ọwọ́ yín ló kù sí. Tí wọ́n bá ní ó jẹ́ dandan, ọlọ́pàá kì í sábà wọ ilé wá fa ẹnikẹ́ni jáde, èyí ló sì ń mú kí àwọn kan rò pé kò jẹ́ dandan lóòótọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí atẹ́gùn bá ti le, ẹ lè pe 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, wọ́n á gbé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò lè jáde wá bá yín. Òfin Texas sì gbà kí ìjọba béèrè owó ìdóòlà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣẹ náà, tí wọ́n sì wá ní láti lọ yọ ọ́.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe agídí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Owó hòtẹ́ẹ̀lì kò sí. Ọkọ̀ kò dára. Màmá tó wá kí wa láti ilé kò lè jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ wa sì jẹ́ nọ́ọ̀sì, orúkọ wa wà nínú ride-out team, àwọn tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù títí ìjì yóò fi kọjá. Àwọn ọmọ ńkọ́ nígbà náà? Ẹ jọ fẹnu kò lé e lórí nínú Oṣù Kẹfà tí àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò kó àwọn ọmọ, ilé ta ni wọ́n ń lọ. Fún àgbàlagbà àti aláìsàn tí kò lè dá kúrò, nọ́ńbà 2-1-1 ni kẹ́ ẹ pè kí wọ́n fi orúkọ wọn sínú ìwé ìpínlẹ̀ tó wà fún àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ arọ náà nílò ẹni tí yóò gbé e, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kí ogun tó dé.

Ti ilé yín: adójútòfò ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni ti omi, ẹ sì ní láti dúró fún ọjọ́ 30 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ń wá a nígbà tí ìjì ti wà lójú òkun ti pẹ́ jù.

Àwa tí a kò ní láti kúrò, ewu tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjì bá ti lọ. Ìpele 1 ni Beryl nígbà tó balẹ̀ ní ọjọ́ 8 Oṣù Keje, ṣùgbọ́n ó pa iná mọ́ ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, àwọn kan kò sì rí iná fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ooru Oṣù Keje. Ooru náà pa èèyàn, pàápàá àwọn arúgbó. Jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣàjèjì sí wa, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nípa tiwa gan-an nìyẹn. A ti gbé e sí báńkóńnì nílé fún ọ̀pọ̀ ọdún, a rò pé a mọ̀ ọ́n lò. Àwọn ilé ibí dí pinpin, èéfín tó bá wọlé kì í rí ibi jáde, gáàsì tó ń pani nínú èéfín náà kò sì ní òórùn. Ẹ gbé e jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kẹ́ ẹ kọ ẹnu èéfín rẹ̀ sí ìta. Kò gbọdọ̀ wọ gáréèjì, bí ilẹ̀kùn gáréèjì tilẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Ti àwọn ará ilé tó ń pè wá ló kù. Nẹ́tíwọ̀kì máa ń dákú lẹ́yìn ìjì, ìpè kì í wọlé, ẹni tó wà ní Ìbàdàn á sì máa ro ohun tó burú jù. Ẹ pè wọ́n kí ìjì tó dé. Ẹ sọ fún wọn bóyá ilé yín wà nínú zone, ilé ẹni tẹ́ ẹ máa wà bẹ́ ẹ bá kúrò, àti nọ́ńbà ẹnìkan tó wà ní Dallas tàbí Atlanta tí wọ́n lè bi léèrè. Ẹ tún sọ fún wọn pé iná lè lọ, pé fóònù lè kú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, àti pé ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a tẹ̀ ránṣẹ́ máa ń kọjá nígbà tí ìpè kò bá lọ. Bí wọ́n bá gba "A wà dáadáa" lórí fóònù wọn láago mẹ́ta òru, kí wọ́n padà sùn.